Lẹ́tà Tí Kò Ní Olùgbà: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Láti Kọ Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Láti Ayé Crowther Títí Di Òní

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Dókítà Tunji Alausa, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, kéde ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí àwọn olùkọ́ máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ìdí tí mínísítà fi lélẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB, pàápàá ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ pa èdè wa run. Àwọn mìíràn ní ẹni tí kò bá mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ kò lè rí iṣẹ́ gidi ṣe láyé òde òní.

Ìjà náà kò ní parí lónìí, n kò sì ní pa á tì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú rẹ̀, tí ìhà méjèèjì sì ń fò kọjá: kí ni ó ń mú kí ọmọ tí a kò bí sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì jókòó, kí ó sì fi tọkàntọkàn kọ ọ́ sílẹ̀? Ìtàn ti dáhùn ìbéèrè yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn baba ńlá wa sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irú ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kọ lónìí. Nínú ìdánwò WAEC, wọ́n lè ní kí ọmọ kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó wà lókè òkun. Ọ̀rẹ́ náà kò sí. Àdírẹ́sì tí ọmọ kọ sí igun òkè lápá ọ̀tún lè má jẹ́ ilé ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ dín ní 450 ọ̀rọ̀, máàkì 50 ni ó sì wà fún un: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ìtò rẹ̀, 20 fún bí ó ṣe lo èdè, 10 fún àmì àti sípẹ́lì. Kò sí ẹni tí yóò fi ránṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò fèsì. Ẹnì kan ṣoṣo tí yóò kà á ni olùyẹ̀wò tí a san owó fún kí ó wá àṣìṣe inú rẹ̀. Èmi kò tíì rí ọ̀rẹ́ mìíràn tí ó ń fi báírò pupa ka lẹ́tà.

Ẹ wá fi èyí wé lẹ́tà mìíràn. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì ọdún 1837, olùkọ́ kan jókòó ní Fourah Bay, lẹ́bàá Freetown ní Sàró, ó sì kọ̀wé sí Àlùfáà William Jowett, tí ó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ CMS ní London. Ọmọ Òṣoògùn ni. Àjàyí ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Samuel Crowther ni orúkọ tí ó fọwọ́ sí ìwé náà. Nínú lẹ́tà yẹn ni ó ti sọ bí ogun ṣe kó Òṣoògùn ní 1821, bí wọ́n ṣe fi okùn so òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, bí wọ́n ṣe fi òun pààrọ̀ ẹṣin, bí ó ṣe rò ó lóru pé kí òun fi ọ̀já ìbàdí òun gba ẹ̀mí ara òun, títí ọkọ̀ ojú omi àwọn Òyìnbó agbéniṣẹrú fi gbé e kúrò ní Èkó, tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní 1822.

Ọdún márùndínlógún péré ni ó wà láàárín ìgbà tí Àjàyí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan àti ìgbà tí ó kọ lẹ́tà yìí. Kì í ṣe èdè kejì tí ó ń gbọ́ lórí rédíò tàbí tí ó ń rí lára pátákó ìpolówó. Èdè àjèjì pátápátá ni. Síbẹ̀ lẹ́tà náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akọ̀tàn fi ń gbára lé e títí di òní, nítorí pé ìwọ̀nba ni irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tí ó ti ọwọ́ ẹni tí ogun kó fúnra rẹ̀ wá. Ẹ kíyè sí ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fún Crowther ní àkòrí àti wákàtí kan. Ó ní ohun kan tí òun nìkan mọ̀, ó ní ẹnì kan ní ọ̀nà jíjìn tí ó gbà pé yóò fẹ́ mọ̀ ọ́n, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni afárá kan ṣoṣo tí ó wà láàárín wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé Crowther kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ aráyé, pé ọpọlọ rẹ̀ yàtọ̀. Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ẹgbẹ́ CMS ní ìlànà kan: kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, dúdú àti funfun, máa kọ ìwé ojoojúmọ́ nípa ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n sì máa fi í ránṣẹ́ sí London lóòrèkóòrè. Àwọn olùkọ́ àti ajíhìnrere tí a bí ní ilé Yorùbá, tí púpọ̀ nínú wọn ti Sàró padà wálé, kọ ìwé bẹ́ẹ̀ láti Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Èkó, Òǹdó àti ibòmíràn. Wọ́n kọ nípa ogun, nípa ọjà, nípa àríyànjiyàn wọn pẹ̀lú àwọn babaláwo, nípa ohun tí obìnrin kan sọ fún wọn lójú ọ̀nà. Nígbà tí J. D. Y. Peel fẹ́ kọ ìwé ńlá rẹ̀ nípa bí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ ṣe pàdé àwọn Yorùbá, èyí tí ó jáde ní 2000, inú àwọn ìwé ojoojúmọ́ wọ̀nyí ni ó ti rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀rí rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn kan kò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ wọn kò ní ẹ̀mí.

Ọ̀rọ̀ ìwé títẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá sí Abẹ́òkúta ní 1854, ó sì fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 1859, Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi dara pọ̀ mọ́ Yorùbá nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó ń to lẹ́tà òjé ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè ṣe sípẹ́lì bí ó ti wù ú, nítorí pé gbogbo ìlú ni yóò rí i. Ìfọ́lé ọdún 1867 ni ó pa ìwé ìròhìn náà.

Kí ni ó wá bà á jẹ́? Tí ẹ bá bi mí, n ó na ìka sí ọdún 1882. Ọdún náà ni òfin ètò ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn jáde fún àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú Èkó. Òfin náà gbé àṣà kan wá tí wọ́n ti ń lò ní England láti 1862: bí ọmọ bá ṣe yege tó níwájú olùbẹ̀wò ni ilé ẹ̀kọ́ yóò ṣe rí owó gbà tó. Kíkà, kíkọ àti ìṣirò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni owó wà fún; kò sí kọ́bọ̀ fún èdè abínibí. Láti ọjọ́ náà lọ, ìwé tí ọmọ kọ di ọjà tí a ń gbé lé ìwọ̀n. Olùkọ́ tí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wà lórí ìwọ̀n náà kò ní jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ohun tí kò ní ní àṣìṣe ni yóò jẹ́ kí ó kọ. Báyìí ni àkọ́sórí ṣe gorí oyè. England fúnra rẹ̀ jáwọ́ nínú àṣà yìí kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ojú rẹ̀ kò tíì kúrò lára ìwé ìdánwò wa.

Ní àkókò kan náà, àwọn kan ń ronú lọ́nà mìíràn lókè òkun. Ní 1896, John Dewey dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Chicago, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ ìwé nípasẹ̀ oúnjẹ sísè, aṣọ híhun àti ilé kíkọ́. Ní 1918, William Heard Kilpatrick, olùkọ́ ní Teachers College ní New York, kọ àròkọ kan tí ó sọ ọ̀nà yìí ní orúkọ tí ó mú un dé gbogbo ayé: ìkọ́ni nípasẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe. Kókó rẹ̀ kò le. Kí ọmọ ní ète kan tí ó jẹ́ tirẹ̀, kí ó ṣètò rẹ̀, kí ó ṣe é, kí ó sì yẹ ohun tí ó ṣe wò. Dewey kan náà bá wọn wí nígbà tí ó yá, pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ àkànṣe kò ju eré ọmọdé lọ, pé kò ní ìmọ̀ nínú. Ìbáwí náà tọ́, a ó sì tún padà bá a pàdé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàn wá jù nínú ìtàn yìí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣe olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Célestin Freinet ni orúkọ rẹ̀, ọmọ abúlé Gars ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ó bá ogun àgbáyé kìíní dé pẹ̀lú ọgbẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1920, wọ́n fi í ṣe olùkọ́ ní Bar-sur-Loup, abúlé orí òkè kan. Kò lè sọ̀rọ̀ títí lójú kan, nítorí èémí rẹ̀ kò tó. Olùkọ́ tí kò lè pariwo ní láti wá ọgbọ́n mìíràn, òun náà sì wá a. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ jáde lọ rìn ní ìgbèríko: wọ́n lọ wo ahunṣọ, wọ́n lọ wo alágbẹ̀dẹ. Bí wọ́n bá padà, ìdùnnú kún inú wọn. Bí wọ́n bá sì ṣí ìwé kíkà, oorun bẹ̀rẹ̀. Ní 1924 ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan. Àwọn ọmọ a kọ ohun tí wọ́n rí. Kíláàsì a yan ọ̀kan. Gbogbo wọn a jọ tún un ṣe lójú pátákó. Wọ́n a to lẹ́tà òjé rẹ̀, wọ́n a sì tẹ̀ ẹ́.

Ní 1926, Freinet àti olùkọ́ mìíràn, René Daniel, so kíláàsì wọn pọ̀. Trégunc ni Daniel wà, ní Brittany, létí òkun, ní igun kejì ilẹ̀ Faransé. Àwọn ọmọ orí òkè ń fi ìwé tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ apẹja. Àwọn ọmọ apẹja ń fèsì. Ibí yìí ni kí òǹkàwé Yorùbá ti dúró díẹ̀. Èdè Breton ni wọ́n ń sọ nílé ní Brittany nígbà náà, kì í ṣe Faransé. Ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ níbẹ̀, ọmọ tí ó bá sọ Breton ni wọ́n máa ń gbé nǹkan ìtìjú kọ́ lọ́rùn, yóò sì wà lọ́rùn rẹ̀ títí yóò fi rí ọmọ mìíràn tí ó dẹ́ṣẹ̀ kan náà. Ẹ̀yin tí wọ́n ti bu owó ìtanràn lé lórí rí nítorí pé ẹ sọ Yorùbá nínú kíláàsì, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè bí ó ṣe rí. Ní apá ti Freinet náà, èdè ìbílẹ̀ gúúsù ni ó wà lẹ́nu àwọn ará abúlé. Nítorí náà, ọmọ méjì tí èdè ilé wọn kò bára mu ni wọ́n ń fi èdè ìjọba kọ̀wé síra wọn. Ìtìjú ọrùn kò mú kí ẹnikẹ́ni fẹ́ràn èdè náà. Ọ̀rẹ́ tí ó ń retí ìwé ni ó mú wọn fẹ́ ẹ.

Àwọn aláṣẹ kò fi gbogbo ara fẹ́ ọ̀nà Freinet. Ìjà le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Vence ní 1935.

Ó pẹ́ kí èrò yìí tó wọ inú kíkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn àjèjì gan-an. Ní Jámánì, lẹ́yìn 1980, Michael Legutke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àkànṣe kan fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà: wọ́n kó wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú Frankfurt kí wọ́n lọ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì fọ̀rọ̀ wá àwọn arìnrìn-àjò lẹ́nu wò. Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún méjìlá tí ó dojú kọ àgbàlagbà láti ilẹ̀ òkèèrè. Ìbéèrè tí ó kọ sórí tákàdá ní kíláàsì ti di ohun èlò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́ dáadáa, àlejò náà kò ní lóye. Ní 1986, Diana Fried-Booth kọ ìwé kan fún àwọn olùkọ́ nípa irú iṣẹ́ yìí, àwọn olùkọ́ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì lò ó.

Ẹni bá ní Jámánì lówó, Frankfurt wà nítòsí wọn, kò parọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ohun tí N. S. Prabhu ṣe ní gúúsù Íńdíà sí ju ti Frankfurt lọ. Láti 1979 sí 1984, òun àti àwọn olùkọ́ mìíràn kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ lásán ní Bangalore àti Madras, níbi tí kò ti sí ju pátákó, ṣọ́ọ̀kì àti tákàdá lọ. Wọn kò kọ́ gírámà lọ́tọ̀. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní ìṣòro tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì yanjú: ẹ wo àtẹ àkókò rélùwéè yìí, ọkọ̀ wo ni ẹni tí ó fẹ́ dé kí ọ̀sán tó pọ́n yóò wọ̀? Ẹ wo àwòrán ìlú yìí, ọ̀nà wo ni ó yá jù? Kì í ṣe iṣẹ́ àkànṣe bí ti Freinet, nítorí kíkọ̀wé kọ́ ni olórí rẹ̀, kò sì sí ìwé ìròyìn kankan tí ó ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé kì í ṣe owó ni ó ń mú ọkàn ọmọ wọ inú ẹ̀kọ́. Alan Beretta àti Alan Davies ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ náà àti fún àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a kọ́ ní ọ̀nà àtijọ́. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1985. Ní ti gírámà bí ìwé ṣe kọ́ ọ, àwọn tí a kọ́ ní ọ̀nà àtijọ́ ṣe dáadáa jù. Ní ti lílo èdè náà fún ohun tuntun, àwọn ọmọ Prabhu ni ó borí. Ìdánwò wa lónìí sì rèé, ó ń fẹ́ méjèèjì.

Mo ní a ó tún pàdé ìbáwí Dewey. Iṣẹ́ àkànṣe ní àléébù tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti fi ọmọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n á ní kí ọmọ ṣe ìwé nípa omi mímọ́. Ìyá rẹ̀ ni yóò ṣe é di òru, ilé ìtẹ̀wé àdúgbò yóò fi ọ̀rá bò ó, wọn óò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún ọjọ́ àwọn òbí. Ọmọ náà kò kọ ìlà mẹ́ta. Nínú ẹgbẹ́ ọlọ́mọ mẹ́wàá, méjì yóò ṣiṣẹ́, mẹ́jọ yóò kọ orúkọ sí i. Èyí kò yàtọ̀ sí lẹ́tà tí kò ní olùgbà. Aṣọ tuntun ni ó wọ̀. Ohun tí Freinet ní tí àwọn wọ̀nyí kò ní ni olùkọ́ tí ó dúró ti ìwé náà láti ìlà kìíní títí dé ìkẹyìn, tí ó sì mú kí gbogbo kíláàsì tún un ṣe kí ó tó jáde.

Ó ku ilé wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Ohun tí àwọn aríyànjiyàn òde òní máa ń gbàgbé ni apá kejì rẹ̀: wọn kò lé èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde. Wọ́n fi olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú sí i, kí ó máa kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tí ó dá dúró, kì í ṣe kí olùkọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ tì máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì jákujàku kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ìwé ní 1989, nínú ìwé tí Fafunwa àti àwọn méjì mìíràn jọ ṣe olóòtú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi rò pé ìkéde ọdún 2025 gún ibi tí ó ń dùn. Bí a bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kún kíláàsì láti jẹ́léósinmi, wákàtí tí ọmọ yóò fi dákẹ́ ni yóò pọ̀ sí i, bí kò bá sí ohun tí ó fẹ́ sọ àti ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Àwọn tí ó sì ń gbèjà Yorùbá láìsọ ọ̀rọ̀ nípa bí àwọn ọmọ yóò ṣe kọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa fi ẹ̀yìn wọn lélẹ̀ fún mínísítà, nítorí pé òbí tí ó ń san owó WAEC fẹ́ gbọ́ ìdáhùn sí èyí náà.

Ìdáhùn kan wà tí kò gbówó lórí. Ní orílẹ̀-èdè yìí, ọmọ Ìsẹ́yìn kò gbọ́ Hausa, ọmọ Kánò kò gbọ́ Yorùbá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò; òun nìkan ni ọ̀nà tí wọ́n ní. Jẹ́ kí kíláàsì kan ní Ìsẹ́yìn kọ̀wé sí kíláàsì kan ní Kánò nípa bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ òfì. Jẹ́ kí ti Kánò kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń rẹ aṣọ nínú kòtò aró Kofar Mata. Kí wọ́n kọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní èdè ilé wọn lákọ̀ọ́kọ́ bí wọ́n bá fẹ́, kí olùkọ́ sì bá wọn tún ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe lójú pátákó títí yóò fi ṣeé fi ránṣẹ́. Freinet ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé; fóònù olùkọ́ kan ní ìhà ìhín àti ti òmíràn ní ìhà ọ̀hún ti tó láti ya àwòrán tákàdá méjìlá, kí ó sì dé Kánò kí aago tó lù fún ìsinmi ọ̀sán. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò ti Kánò padà wá ni kò sí olùyẹ̀wò tí ó lè ronú rẹ̀ sílẹ̀.